Ẹ Ṣeun Àná: Ohun Tí Ojú Wa Rí ní Agége

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì lọ́dún tó kọjá, èmi ló sì yẹ kí n kọ ìròyìn ọdún. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń kọ ọ́. A gba àwọn ọmọ tuntun lálejò, a sè fún wọn. A ṣe ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ọmọ girama. A bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì nà wá. Gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀, mi ò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a lò ní Agége ti gba gbogbo ọdún náà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí. Ó ti ń wúwo jù fún mi láti máa dá gbé kiri.

Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ wa máa ń mú ìwádìí kan tí àwa tó wà ní kíláàsì àṣekágbá máa jáde lọ ṣe. Lọ́dún yẹn, ariwo la mú. A fẹ́ mọ ohun tí ariwo ẹ̀rọ ń ṣe sí etí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Bùsọ́lá, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, ló mú àbá náà wá. Ẹ̀rọ ìlọta ni bàbá rẹ̀ fi tọ́ wọn dàgbà, tẹ́ ẹ bá sì dúró lẹ́yìn bàbá náà kí i lónìí, ògiri lẹ kí. Nílùú tiwa, yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìlọta, kò tún sí ariwo tó tó wọ̀n. Ibi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí la gbọ́dọ̀ lọ. Bí èmi àti Bùsọ́lá ṣe dorí kọ Ìkẹjà àti Agége nìyẹn.

Ọ́fíìsì tó dákẹ́

Opebi, ní Ìkẹjà, la kọ́kọ́ dé. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ike tó gbà wá láyè wà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Mo wọ yàrá ìdúró, mo sì kí gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń ṣe nílé. Ẹnì kan péré ló dáhùn, òun náà ò gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Inú bí mi. Mo sọ fún Bùsọ́lá pé a ti dé ilẹ̀ àwọn tí ìyá wọn ò kọ́. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé bóyá ìyá tiwọn kọ́ wọn ní nǹkan mìíràn.

Ọ́fíìsì yẹn dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń rìn. Rọ́ọ̀gì tó wà nílẹ̀ gbé bàtà wa mì. Ọkùnrin tó dá wa lóhùn wọ kóòtù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fún wa lómi tútù, ó wá ti ìwé kan síwájú wa.

Ó ní, "Ariwo ẹ̀rọ nìkan ni kẹ́ ẹ wọ̀n o. Ẹ ò gbọdọ̀ bi òṣìṣẹ́ wa léèrè ọ̀rọ̀ ìlera nínú ọgbà wa. Ṣé ó yé yín?"

A ní ó yé wa, a sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí a bọ́ síta, Bùsọ́lá dúró sínú oòrùn, ó ń wo ìwé náà. Ó ní, "Ariwo tí a ò mọ etí tó gbọ́ ọ, kí la fẹ́ fi ṣe?" A wá fẹnu kò sí ohun kan. Nínú ọgbà, ẹ̀rọ nìkan la máa wọ̀n. Níta, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò sí, ẹni tó bá wù lè wá fún wa ní etí rẹ̀ yẹ̀ wò, a ò sì ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo rò nígbà yẹn pé a gbọ́n.

Wọn ò kì í peni níbẹ̀

Agége, ní apá ibi tí a wà, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ń gbọ̀n wọ inú bàtà kí etí tó mọ ohun tó ń gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, ẹ̀rọ tó ń lọ ike ń ké, irin ń gbá irin, nínú gbogbo rẹ̀ làwọn èèyàn sì ti ń ra búrẹ́dì gbígbóná, tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sí i láàárín. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, orí fọ́ mi débi pé mi ò lè jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ṣàdédé rí i pé mi ò gbọ́ ariwo náà mọ́, ìyẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù.

Ìwà àwọn ará ibẹ̀ kọ́kọ́ bí mi nínú. Wọn ò kì í peni. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ á wá gbá ẹ léjìká, á dúró síwájú rẹ gbọn-in, á fẹ́rẹ̀ẹ́ fimú kan imú rẹ, lẹ́yìn náà ló máa wá lanu. Ọmọ kékeré ń ṣe é, àgbàlagbà ń ṣe é. Mo pè é ní ọ̀yájú. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó yé mi pé àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń ka ọ̀rọ̀.

Iyàrá àlejò ìjọ Aládùúrà kan la sùn sí. Ìyá Ṣẹ́gun, olórí àwọn obìnrin ìjọ náà, ni wọ́n fi wá lé lọ́wọ́. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, èèyàn kúkúrú tó le bí èkùrọ́, ojú wọn kì í kúrò lẹ́nu ẹni tó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ará Èkìtì, mo ti mọ̀ pé iyán ni ojú rẹ ń wá. Kò sí iyán níbí o. Ìkọ́kọrẹ́ ni màá fún ẹ, wàá sì la àwo."

Òótọ́ ni, mo lá a. Ṣé ẹ rí ìyá yìí, ilé iṣẹ́ ike tí a wá wọ̀n gan-an ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí ẹ̀rọ tó ń rún àfọ́kù ike ni wọ́n wà láti ọdún méjìlá. Tí ẹ̀rọ náà bá dúró, òṣìṣẹ́ á kó ike tó há jáde pẹ̀lú ọwọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ tún tan án, aago á dún, gbogbo ọwọ́ á sì kúrò nínú rẹ̀ kíákíá. Aago yẹn ló dúró láàárín èèyàn àti abẹ ẹ̀rọ.

Ọ̀gá Múrí ni súpáfáísọ̀ wọn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìka méjì ò sí lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Òun ló ń mú wa kiri lójoojúmọ́ bí a ti ń wọn ariwo, òun ló sì bá wa wá ohun tí a fi ń dí etí, torí ó ní a kì í ṣe ọmọ ibẹ̀.

Ẹni Keje

Ọjọ́ Ìsinmi la yẹ etí wò, lẹ́yìn ìsìn. Yàrá kan wà lẹ́yìn pẹpẹ tí wọ́n ń kó aṣọ àdúrà sí. A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a wọlé, n ò sì tíì rí ibi tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Agége. Aṣọ funfun tó kún ara ògiri ló ń gbé ariwo mì. Bùsọ́lá ń jẹ́ kí wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ń tẹ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá jókòó á dé ohun tí a fi ń gbọ́ ohùn bo etí, èmi á tẹ bọ́tìnnì, ohùn kékeré kan á dún sí i létí. Tó bá gbọ́, á nawọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ṣẹ́gun ló ṣe ìkeje. Wọ́n jókòó, wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n nawọ́. Mo dín in kù, wọ́n nawọ́. Mo dín in kù débi tí Bùsọ́lá gan-an ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí a dán an wò fún un, wọ́n sì nawọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé etí wọn dára ju ti ọmọdé lọ. Ìka mi wá lọ sórí bọ́tìnnì láìtẹ̀ ẹ́. Wọ́n nawọ́.

Mo wo ojú wọn, mo rí i pé ìka mi ni wọ́n ń wò.

Mo rọra ní kí wọ́n yí àga sí ọ̀dọ̀ ògiri. Wọn ò fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n yí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ wọn wà lórí itan. Mo fi kún un. Ọwọ́ wọn wà lórí itan. Mo ń fi kún un títí èmi tí mi ò dé nǹkan kan sétí fi ń gbọ́ ọ láti ìdúró mi. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò dá lójú.

Wọ́n fúnra wọn ṣí ohun tó wà létí wọn kúrò. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀," ni wọ́n wí. "Mi ò gbọ́ ìgbà tí wọ́n ń dá orin nínú ìjọ mọ́. Mo ń wo ẹnu adárin ni."

Mo bi wọ́n pé, "Aago ẹ̀rọ ńkọ́, mà?"

"Ọmọbìnrin kan wà níwájú mi. Tó bá ti yọ ọwọ́, èmi náà á yọ tèmi."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní Ṣẹ́gun ti wà ní kíláàsì àṣekágbá bíi tèmi, ó ku ọdún kan péré kó jáde. "Ọdún kan yìí ni mò ń tọrọ. Tí ilé iṣẹ́ bá gbọ́, ó parí nìyẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mo wá síbí. Ṣe bí ẹni tí kò rí mi rí."

Mo ní, "Mà, orúkọ yín ò sí nínú ìwé wa. Ẹni Keje lẹ ń jẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní nínú ìjọ àwọn, eéje ò kì í burú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu oúnjẹ fún wa, wọ́n sì dúró tì wá títí tí a fi jẹun tán. Nínú àwọn mọ́kànlá tí a yẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn, kò sí ìkankan tó yà mí lẹ́nu bíi tiwọn, kò sì sí ẹni tó ṣe wá lóore tó wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyá mi, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Nílé wa, tí èèyàn bá fún ẹ lómi mu lánàá, tó o sì pàdé rẹ̀ lónìí tí o ò kí i kú àná, ìyá mi lè má bá ẹ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti ìgbà tí mo ti mọ orúkọ ara mi ni mo ti ń kí ẹ ṣeun àná. Mi ò kì í rò ó kí n tó sọ ọ́.

Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé, a wọ ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Ọ̀gá Múrí ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Gbogbo ilé dákẹ́, àfi ohùn ìgbálẹ̀. Ìyá Ṣẹ́gun dúró nídìí ẹ̀rọ wọn, wọ́n ń so aṣọ mọ́ ìdí. Ojú wa pàdé. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí òróró dà sí yẹn, tí mo gbé orí sókè.

"Ẹ ṣeun àná o, mà. Ẹ ṣeun gan-an ni. Olúwa á bá wa wo etí náà sàn."

Àdúrà yẹn, ẹ gbọ́ mi, kò sí ẹni tó bi mí. Ẹ̀kọ́ ilé ló fi kún un.

Ìyá Ṣẹ́gun ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Mo rí i bí ojú wọn ṣe yí padà. Síbẹ̀, wọ́n fèsì bí àgbà ṣe ń fèsì. Wọ́n ní, "Kò tó ọpẹ́, ọmọ mi." Wọ́n wá yíjú sí ẹ̀rọ wọn kíákíá. Lẹ́yìn mi, Bùsọ́lá mí kanlẹ̀.

Ọ̀gá Múrí rìn kọjá lára mi, ó lọ dúró sẹ́yìn ìyá náà, bí ẹsẹ̀ mẹ́ta sí wọn. Ó ní, "Ìyá Ṣẹ́gun." Kò sí ìdáhùn. Ó tún pè wọ́n, ohùn rẹ̀ lọ sókè díẹ̀. Àwọn tó ń gbálẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó kígbe pè wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ṣì ń so aṣọ mọ́ ìdí. Ó wá na ọwọ́ òsì rẹ̀ tí ìka ò pé yẹn, ó fa okùn aago.

Aago náà dún gan-an. Ọmọbìnrin iwájú bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn ni Ìyá Ṣẹ́gun tó yíjú padà.

Ọ̀gá Múrí dúró síwájú wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. "Ó tó ìgbà wo, mà?"

"Ọdún mẹ́ta, sà."

"Ẹ tú aṣọ yẹn, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì."

Mo ń tẹ̀ lé wọn, mò ń bẹ̀bẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè síwájú mi. "Ẹni tó tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn sọ pé aago dún. Òótọ́ ni, ó dún. Èmi ni mi ò gbọ́, torí pé etí mi ti ń lọ, mo sì ń fi í pa mọ́ bíi tiwọn. Bùròdá, mi ò lè mọ̀ kí n dákẹ́. Ẹ kó ẹrù yín. Iṣẹ́ yín ti parí níbí."

Dìde, mi ò rí ẹnu rẹ

Ọjọ́ kẹta ni mo tó lè lọ sílé wọn. Ilé iṣẹ́ ti ní kí wọ́n máa sinmi nílé títí ìwé á fi dé. Ẹ mọ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wí. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo dojúbolẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: pé èmi ni mo ba ayé wọn jẹ́, pé ẹnu mi ló ṣáájú orí mi, pé kí wọ́n dárí jì mí nítorí Ọlọ́run. Omijé ń bọ́ lójú mi sínú iyẹ̀pẹ̀. Mo bẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi, mi ò gbọ́ èsì kankan. Mo rò pé wọn ò fẹ́ dá mi lóhùn.

Ọwọ́ kan gbá mi léjìká.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Mi ò rí ẹnu rẹ."

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ti ń bẹ̀ látàárọ̀, ilẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Mo dìde, mo sì tún gbogbo rẹ̀ sọ níwájú wọn lójúkojú. Ó nira ju ti ìṣáájú lọ, torí wọn ò gbójú kúrò lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń kíni?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa. Bá mi kí wọn."

Mo wo ojú wọn bóyá ẹ̀gún wà nínú rẹ̀. Mi ò rí i. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Inú mi ò dùn o. Má lọ sílé kó o lọ máa sọ pé màmá yẹn ò bínú. Mo bínú. Ọdún kan ni mo ní kí o bá mi pa mọ́, o ò lè bá mi pa á mọ́ dọjọ́ kejì." Wọ́n gbé ọwọ́ wọn méjèèjì sókè, wọ́n na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. "Tẹ́ ẹ bá ń kọ ìwé yín, ẹ má kọ ọ́ pé adití kan wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ọdún méjìlá ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ yẹn, wọ́n ṣì pé."

A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ìwé ìwádìí wa, lábẹ́ Ẹni Keje, ẹ lè lọ wò ó.

Ọjọ́ tí a ka orúkọ

Bí mo ṣe padà délé, mo jíṣẹ́ fún ìyá mi, mo sì rò fún wọn bó ṣe jẹ́. Ẹ̀lúbọ́ ni wọ́n ń jọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n gbé ajọ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ibi tó yẹ kéèyàn ti gbé ọpẹ́ mì ńkọ́? Mi ò kọ́ ẹ ní ìyẹn. Èmi náà ò mọ̀ pé ó wà."

A parí ìwádìí náà. Ohun tí Bùsọ́lá tẹnu mọ́ jù nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi iná pupa sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago, kí ẹni tí kò gbọ́ lè rí i. A fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Opebi, a ò rí èsì. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Múrí fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Iná pupa wà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló dúró nídìí ti Ẹni Keje.

Ẹ mọ àṣà ẹgbẹ́ wa. Lọ́jọ́ ìparí ọdún, akọ̀wé á dìde, á ka orúkọ gbogbo ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ síta, gbogbo gbọ̀ngàn á máa pàtẹ́wọ́ fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ka orúkọ àwọn olùkọ́ wa. Mo ka ti àwọn tó wá sọ̀rọ̀ fún wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó kan ti Agége, mo pa ìwé dé, mo sì padà lọ jókòó. Àwọn kan nínú yín kùn sí mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo gbọ́ yín. Èmi náà ni mo máa ń pa òwe yẹn fún ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù. Màmá tí mò ń pè ní Ìyá Ṣẹ́gun látòkè, orúkọ wọn kọ́ nìyẹn. Ọmọ wọn ò jẹ́ Ṣẹ́gun. Kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n sè fún wa, ìjọ tí mo ní a sùn sí kọ́ la sùn sí. Tí mo bá pàdé wọn lọ́nà lọ́la, màá kọjá lára wọn bí àlejò. Ohun tí wọ́n bẹ̀ mí kí n ṣe nìyẹn, kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu mi.